Kí ni àwọn gíwá fásitì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ wa dá iṣẹ́ sílẹ̀?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá níbí ní Sábó, Zaria, ìyá kan dìde pẹ̀lú ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní fásitì kan. Lára ohun tí wọ́n ní kó san, owó kan wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní entrepreneurship, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gé kúrú sí "ẹnt". Ìyá náà ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ìyá tó bí mi, ọjà ló ná títí ó fi kú. Èmi náà, ọjà ni mò ń ná. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń bá mi jókòó ní sọ́ọ̀bù. Kí ló dé tí mo tún máa sanwó fún fásitì kí wọ́n tó kọ́ ọ ní òwò?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Alága wá ní kí àwa tí a máa ń kọ ìròyìn fún ẹgbẹ́ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. Oníṣòwò ni àwa náà. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù là ń tà, a kò sì kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n a ka èyí tó ṣeé kà, a bi àwọn olùkọ́ fásitì tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa, a sì jókòó ti àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ kí wọ́n là wá lóye. Ohun tí a rí nìyí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn gíwá ń sọ, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Bí a kò bá mọ èyí tí wọ́n ń sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó kàn máa sanwó ni, a ò ní mọ ohun tó yẹ ká bèèrè.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ inú fásitì

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àti nígbà tí Ahmadu Bello níbí àti ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, àwọn tí yóò gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó ni ìlú ń wá. Akọ̀wé àgbà ni wọ́n ń wá, dókítà ni, ẹnjinníà ni, olùkọ́ ni. Ẹni tó bá gba dìgírì nígbà náà, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ dá òwò sílẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ètò SAP dé ní 1986, iṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Fásitì ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń jáde ń pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n máa jókòó sí ní ọ́fíìsì kò pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀.

Covenant University ní Ọ̀tà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ sínú ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ìbáà ṣe ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ tàbí ẹni tó ń kọ́ èdè. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2007/2008. NUC, àjọ tó ń bójú tó fásitì, ló di ọ̀rọ̀ náà mú láti ìgbà náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ pólì náà ní tiwọn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí EED. Kódà ní àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀, NYSC ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò láti 2012, ètò tí wọ́n ń pè ní SAED.

Ìlànà tuntun tí NUC gbé jáde ní òpin 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ni wọ́n ń pè ní CCMAS. Nínú rẹ̀, NUC ló pinnu 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, fásitì fúnra rẹ̀ ló máa pinnu 30 tó kù. Iṣẹ́ méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀: ENT 211 ní ọdún kejì, àti ENT 312 ní ọdún kẹta. Ti àkọ́kọ́ dá lórí kí èèyàn máa ronú bí oníṣòwò, kó sì máa wá ọgbọ́n tuntun. Ti èkejì dá lórí bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá yẹn fi pàdé owó náà ní ọdún kejì. Ẹni tí kò bá yege nínú wọn, kò lè gba ìwé ẹ̀rí, bó ti wù kó mọ ẹ̀kọ́ yòókù tó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe gíwá kan ló jí lówùúrọ̀ tó ní òun fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa. Òfin ni. Ṣùgbọ́n bí gíwá kọ̀ọ̀kan ṣe wo òfin náà ló yàtọ̀ síra.

Ìtumọ̀ kìíní: kí akẹ́kọ̀ọ́ má wáṣẹ́, kó dá iṣẹ́ sílẹ̀

Èyí ni gbogbo wa mọ̀. Ẹ lọ síbi ayẹyẹ ìgbàwọlé tàbí ìgboyèjáde ní fásitì yòówù, ẹ ó gbọ́ ọ. Gíwá á ní kí àwọn ọmọ má ṣe dúró de iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n di ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́.

Wọn kò parọ́. Gíwá mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ iye ọmọ tí òun ń tì jáde lọ́dọọdún, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ń rìn kiri ìgboro láìníṣẹ́, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ òun ló máa bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, ENT yìí dà bí ìdè tí èèyàn so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹrù kó má baà já bọ́. Bí dìgírì kò bá mú iṣẹ́ wá, ó kéré tán, ọmọ náà á lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan.

Ibi tó ti ń wọ́ wá ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó gbọ́ ENT pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín wọn sí iṣẹ́ ọwọ́: ọṣẹ olómi, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, àdìrẹ, oúnjẹ, ẹja sínsìn, àtúnṣe fóònù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á gbé ohun tí wọ́n ṣe wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba máàkì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ilé tiwa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan kọ́ ọṣẹ olómi ní fásitì kan tí a kò ní dárúkọ. Ó gba A. Nígbà tó dé fún ìsinmi, inú wa dùn, a fún un ní owó díẹ̀ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe 40 ìgò, ó sì tà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní ₦600 ìgò kan. Gbogbo ilé ń yìn ín. Ó wá ní òun fẹ́ tún ọjà rà, owó ọwọ́ òun kò pé mọ́, òun kò sì mọ ibi tó wọlé sí.

A ní kó jókòó, kó mú bírò. Kẹ́míkà, àwọ̀ àti lọ́fínńdà: ₦18,000. Ìgò òfìfo: ₦6,000. Owó ọkọ̀ lọ sí Kaduna àti bọ̀: ₦2,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦26,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 40, ìgò kan jẹ́ ₦650. Ọmọ wa ń ta ohun tó ná an ní ₦650 ní ₦600! Ó pàdánù ₦2,000, a ò tíì ka òógùn ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wò wá, ó ní: "Bọ̀dá, wọn ò kọ́ wa níyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pò ó nìkan ni wọ́n kọ́ wa."

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí òwò. Ẹni tó mọ ọṣẹ ṣe, aláṣọṣẹ ni. Ẹni tó mọ iye tí ọṣẹ náà ná an, ẹni tó mọ ẹni tí òun máa tà á fún, tó mọ ẹni tí kò yẹ kó tà ní àwìn, tí kì í fi owó ọjà ra oúnjẹ, òun ni oníṣòwò. Nínú ìwé ìlànà ENT, ọ̀rọ̀ ìṣirò àti wíwá oníbàárà wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá pọ̀ tí àkókò sì kúrú, fífi hàn ni wọ́n ń mú, wọ́n á fi ìṣirò sílẹ̀.

Ìtumọ̀ kejì: kí fásitì fúnra rẹ̀ di oníṣòwò

Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Nígbà míì tí gíwá bá ń sọ̀rọ̀ ìdáṣẹ́sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ wa ló ń sọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa rí owó ló ń sọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ìjọba àpapọ̀ ní kí fásitì ìjọba àpapọ̀ má gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́. Owó ilé gbígbé, owó yàrá àyẹ̀wò àti irú wọn ni wọ́n lè gbà. Ìjọba ló ń san owó oṣù. TETFund ń fún wọn lówó ilé kíkọ́ àti ìwádìí, àmọ́ owó TETFund kì í ṣe owó iná, kì í sì í ṣe owó dísù. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní ìpele Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Fásitì tó ní ilé ìwòsàn, ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀rọ ìwádìí, ẹ fojú inú wo iye tí bílì máa jẹ́. Àwọn kan nínú wọn pariwo títí gbogbo ayé fi gbọ́.

Ohun tí gíwá á ṣe ni pé á wá ọ̀nà àtirówó. Ibẹ̀ ni ilé búrẹ́dì fásitì ti wá, ilé omi, ilé epo, ilé àlejò, ilé ìtẹ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ ọjọ́, àti iléeṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ìmọ̀ràn ṣe fún ìjọba àti báńkì. Owó tí wọ́n bá pa wọlé báyìí ni wọ́n ń pè ní IGR. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ máa yọ 40 nínú ọgọ́rùn-ún IGR yìí, ariwo sọ, Ààrẹ Bola Tinubu sì ní kí wọ́n dá a dúró ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Bí àwọn gíwá ṣe jà lórí rẹ̀ fi hàn wá pé owó kékeré kọ́.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń rò báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Burton Clark, kọ ìwé jáde ní 1998 lórí fásitì márùn-ún ní Yúróòpù tó gbìyànjú láti má gbẹ́kẹ̀ lé owó ìjọba nìkan. Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Strathclyde ní Scotland wà lára wọn. Ohun tó rí ni pé kò tó kí ọ̀gá nìkan fẹ́ ẹ. Àwọn olùkọ́ inú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gbà á sí tiwọn kó tó lè dúró. Ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Sọ́ọ̀bù tí ọ̀gá nìkan bá fẹ́ràn, tí ọmọ iṣẹ́ kò fẹ́, kì í pẹ́ tó fi ń kógbá wọlé.

Lójú tiwa, kò burú kí fásitì máa ta búrẹ́dì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n fi orúkọ ìdáṣẹ́sílẹ̀ bo owó mọ́lẹ̀. Bí fásitì bá ní ilé búrẹ́dì, ṣé àwọn ọmọ ENT ń wọ ibẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́? Ṣé wọ́n ń rí ìwé ìṣirò rẹ̀? Àbí búrẹ́dì ti ń lọ lọ́tọ̀, tí ọmọ wa sì ń sanwó ENT lọ́tọ̀? Ìbéèrè ni o, a kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ìtumọ̀ kẹta: kí ìwádìí di ọjà

Èyí ló ga jù, òun náà ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Gíwá tó ń sọ ìtumọ̀ yìí fẹ́ kí ohun tí olùkọ́ rí nínú ìwádìí kúrò nínú ìwé, kó dé ọjà.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wọn mọ̀ ni Stanford ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni àwọn méjì tó dá Google sílẹ̀. Ọgbọ́n tí Larry Page fi bẹ̀rẹ̀, Stanford ló ni ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni nígbà tó ṣe é. Dípò owó, wọ́n gba ìpín nínú iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ta ìpín náà tán ní 2005, 336 mílíọ̀nù dọ́là ló wọlé fún wọn. Kò sí gíwá tó gbọ́ irú èyí tí itọ́ kò ní yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Níbí gan-an ní Samaru, ibi tí a ń gba ọ̀kadà lọ, Institute for Agricultural Research wà. 1922 ni wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ti Ahmadu Bello ní 1962. Àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní SAMMAZ, Samaru ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Òwú SAMCOT náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà SAMPEA náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí kòkòrò inú pódi kò lè jẹ, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ láti òkèèrè ló ṣe é, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2019. Àwọn iléeṣẹ́ irúgbìn ló ń sọ irúgbìn wọ̀nyí di púpọ̀, tí wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ra àgbàdo láti Giwa àti Soba lọ tà sí Ìbàdàn ti ń jẹ èrè ìwádìí fásitì láti ọjọ́ pípẹ́ láìmọ̀.

Ìjọba náà ní àjọ kan, NOTAP, tó ń ran fásitì lọ́wọ́ láti ní ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ohun tí olùkọ́ bá ṣe. Ohun tó ṣì kù ni ẹni tó máa fi owó sí i, àti ẹni tó mọ ojú ọjà. Ẹni méjèèjì yìí, ọjà ni wọ́n wà, wọn kò sí nínú fásitì.

Ibi tí ojú wọn àti ojú wa kò ti pàdé

Lẹ́yìn tí a gbọ́ gbogbo èyí, a bi ara wa pé kí ló dé tí ìtumọ̀ kìíní, tó kan ọmọ wa jù, fi ń já sí fọ́tò àti máàkì? Èrò tiwa nìyí, ẹni tó bá ní èrò míì kó kọ sí wa.

Èkíní, ọdún márùn-ún péré ni gíwá fásitì ìjọba àpapọ̀ ń lò, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kejì. Ohun tó máa fara hàn láàárín ọdún márùn-ún ni ilé: ilé ńlá tí wọ́n kọ "ibùdó ìdáṣẹ́sílẹ̀" sí lára. Òwò akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba ọdún mẹ́wàá kó tó dúró, gíwá míì ni yóò bá a.

Èkejì, nígbà tí NUC bá wá ṣe àyẹ̀wò, ohun tó rọrùn láti kà ni wọ́n ń kà: ṣé olùkọ́ wà, ṣé yàrá wà, ṣé ìwé wà. Iye ọmọ tó ṣì ń ṣòwò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ṣòro láti kà.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń kọ́ni ní òwò lè má tíì ta abẹ́rẹ́ rí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Òfin fásitì ní kí olùkọ́ ní dìgírì ńlá, oníṣòwò tó ti ń ta ọjà fún ọgbọ̀n ọdún láìní dìgírì kò lè di olùkọ́. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí wọ́n má pè é wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n má rán àwọn ọmọ wá sí sọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn fásitì kan ń pe ránṣọránṣọ àti abánáṣiṣẹ́ wá kọ́ni. A kí wọn. Kí wọ́n pe ẹni tó mọ ìṣirò ọjà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo fún àwọn gíwá náà. Àwọn kan nínú wọn gbà pé iṣẹ́ fásitì ni ìmọ̀, pé bí gbogbo nǹkan bá di ọṣẹ àti ìlẹ̀kẹ̀, ta ni yóò wá ṣe irúgbìn SAMMAZ tuntun? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwa kò ní kí fásitì di ọjà Sábó. Ohun tí à ń sọ ni pé bí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ kọ́ ọmọ ní òwò, kí wọ́n kọ́ ọ débi tó yẹ.

Ìdí tó fi kàn wá ju àwọn tó wà nílé lọ

Gbogbo wa tí a wà lápá ibí la mọ̀ ọ́n, bí a kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ nígbà gbogbo. Ọmọ tí a bí sí Zaria, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, bó bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n á bi í ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú. Bó bá lọ sí ìlú baba rẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àdéhùn ni wọ́n sábà ń fún un. Fásitì ìpínlẹ̀ pàápàá sábà ń gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀. Nígbà tí gíwá bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbójú lé iṣẹ́ ìjọba, ọmọ onílùú lè kà á sí ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Fún ọmọ tiwa, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nígbà tí reluwé dé apá ibí ní nǹkan bí 1911 sí 1912, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú míì bá a wá, wọ́n ṣí ọjà. Àwọn Òṣómàálò láti Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ kiri, wọ́n ń fún èèyàn ní àwìn, wọ́n á sì lóṣòó ti oníbàárà títí owó á fi jáde. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ á sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, á mọ oníbàárà, á mọ ìwé gbèsè, wọ́n á wá ṣe fíríídọ̀mù fún un. Kò sí fọ́tò, kò sí máàkì. Ọjà ló ń fún un ní máàkì.

Ohun tí àwọn bàbá wa kò ní ni ohun tí fásitì ní: ìwé, ẹ̀rọ, ìwádìí, àti ojú tó ríran jìnnà. Ohun tí fásitì kò ní ni ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí méjèèjì pàdé.

Ohun tó yẹ kí òbí bèèrè

Bí ọmọ yín bá ń lọ sí fásitì tàbí pólì, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún yìí lọ́wọ́ ibùdó ìdáṣẹ́sílẹ̀ wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ti sanwó.

1. Ẹni mélòó ló ń kọ́ iṣẹ́ kan pọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó sì ni?
2. Ṣé wọ́n máa kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye tí ọjà ná èèyàn, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ọjà lójoojúmọ́?
3. Ṣé wọ́n máa fi hàn án bí wọ́n ṣe ń forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, àti ìgbà tí ọjà bíi ọṣẹ tàbí oúnjẹ inú páálí nílò nọ́mbà NAFDAC?
4. Ṣé ó máa jókòó ti oníṣòwò gidi kó tó gba máàkì?
5. Owó tí a san yìí, kí ni wọ́n ń fi í rà?

Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́ta dáadáa nínú márùn-ún, ẹ dúpẹ́. Bí wọn kò bá lè dáhùn ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ lè kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wá kì í dà bíi ti ẹnì kan.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní SIWES, ètò tí ITF tó wà ní Jos ti ń ṣe láti 1973, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ọmọ tó ń kọ́ ìtàn tàbí èdè sábà máa ń pàdánù irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè ṣe tiwa. Ọmọ tó bá gba owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa, kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi rẹ̀ ní sọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òbí rẹ̀, àánú á wọ̀ ọ́. Kí ọ̀gá sọ́ọ̀bù kọ́ ọ ní ìwé ọjà, kí ọmọ náà kọ́ ọ̀gá ní bí wọ́n ṣe ń tajà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wa nílò ìkejì yìí ju bí a ṣe ń gbà lọ.

Ẹ rántí pé ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló fi oṣù wọ̀nyẹn sùn. Àwọn tí òbí wọn mú lọ sí ọjà nígbà náà, tiwọn ti yàtọ̀ báyìí.

A sì lè kọ̀wé sí gíwá tó wà nítòsí wa pé a ní oníṣòwò tó lè wá bá àwọn ọmọ ENT sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wákàtí méjì péré ni. Ẹni tó ti pàdánù owó nítorí àwìn rí, tó sì tún dìde, ní ohun tó máa sọ tí kò sí nínú ìwé.

Ní ti ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé, a ti padà lọ bá a ní sọ́ọ̀bù rẹ̀. A ní kó san owó náà, nítorí láìsí i, ọmọ rẹ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí. A tún ní kó mú ìbéèrè márùn-ún yẹn dání lọ. Ó bi wá pé ṣé òun lè fi ìkẹfà kún un. A ní kó sọ ọ́. Ó ní: "Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí èmi náà wá kọ́ wọn?" A ti fi í kún lẹ́tà tí akọ̀wé máa kọ.

Ẹ̀yin ẹ̀ka tó wà ní Kano, Jos, Kaduna, Gombe àti ibi gbogbo, bí ẹ bá ti ń ṣe irú nǹkan báyìí pẹ̀lú fásitì tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí wa kí àwa náà kọ́gbọ́n. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.